Eruku Òru

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, ọdún 1980. Òwúrọ̀, ní Wadi Qena, pápákọ̀ òfuurufú kan nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní ọgọ́rùn-ún kóra jọ síbì kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, Jerry Boykin, ṣí Bíbélì, ó ka ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì fún wọn. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n kọrin. Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n wọ bàálù.

Kò sẹ́ni tó wọ aṣọ ológun bó ṣe yẹ kó rí. Ṣòkòtò jíǹsì ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa láró dúdú àti fìlà dúdú. Àsíá Amẹ́ríkà wà ní apá jákẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ wọ́n ti lẹ téèpù bò ó. Ìgbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ ni wọn yóò tó ṣí téèpù yẹn, kí àwọn tí wọ́n wá gbà lè mọ àwọn tó dé.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ gbà jẹ́ 53. Tehran ni wọ́n wà: 50 nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, 3 nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìráànì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Láti ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 1979 ni wọ́n ti wà ní ìgbèkùn. Ọjọ́ 173 nìyí.

Ọ̀sán. Erékùṣù Masirah, ní ilẹ̀ Oman. Oòrùn mú. Àwọn ọmọ ogun náà sá sábẹ́ àgọ́, wọ́n ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti ka ètò náà títí ó ti yọ́ sí wọn lára. Bàálù C-130 mẹ́fà yóò gbé wọn, àti epo, lọ síbì kan nínú aṣálẹ̀ Ìráànì nítòsí ìlú Tabas. Orúkọ tí wọ́n fún ibẹ̀ ni Desert One. Hẹlikópítà mẹ́jọ yóò ti orí òkun wá bá wọn níbẹ̀, wọn yóò rọ epo, wọn yóò sì gbé àwọn ọmọ ogun sún mọ́ Tehran kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn yóò fara pamọ́ ní ojúmọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọn yóò wọ ìlú.

Hẹlikópítà mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú láti Desert One. Bí wọ́n bá dín sí mẹ́fà, ètò bàjẹ́. Gbogbo wọn ló há nọ́ńbà yìí sórí.

Ọmọ ogun òfuurufú ló ni C-130. Ọmọ ogun ojú omi ló ni hẹlikópítà; RH-53D ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù inú òkun. Máríìnì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wà á. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni Delta, àwọn tí yóò wọlé. Ọ̀gágun James Vaught, tí ó jẹ́ olórí gbogbo ètò náà, wà ní Íjíbítì. Oṣù bíi márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà, oníkálukú ní apá tirẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn pé síbì kan náà láti fi í dánra wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ìrọ̀lẹ́. C-130 àkọ́kọ́ gbéra ní Masirah. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Charlie Beckwith, olórí Delta, wà nínú rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì James Kyle, ọmọ ogun òfuurufú, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kyle ni wọ́n ní kó máa darí ohun gbogbo ní Desert One. Bàálù náà fò lọ sápá àríwá. Bó ṣe sún mọ́ etí òkun Ìráànì ló wálẹ̀ gan-an, kí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ òfuurufú má baà rí i.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Lórí òkun, hẹlikópítà mẹ́jọ gbéra lórí ọkọ̀ ogun Nimitz. Wọ́n ti kùn wọ́n ní àwọ̀ yanrìn. Lẹ́fútẹ́náǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Edward Seiffert, máríìnì, ló ṣáájú. Ìrìn tó lé ní 900 kìlómítà ló wà níwájú wọn, nínú òkùnkùn, láìtan iná. Awò ìríran òru ni àwọn awakọ̀ fi ń wo ilẹ̀. Awò náà wúwo, ó sì ń dá ojú lágara. Bí ẹnì kan bá lò ó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á bọ́ ọ, ẹnì kejì á gbà á lò. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ọ̀sán ṣì ni ní Washington. Ààrẹ Jimmy Carter ń bá iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Cyrus Vance, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kò fara mọ́ ètò náà. Wọn kò tíì jẹ́ kí aráyé gbọ́.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Iná kékeré kan tàn níwájú awakọ̀ hẹlikópítà kẹfà. Ohun tí iná náà ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ sínú apá abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ náà ti ń jò, pé ó ṣeé ṣe kí apá náà ti sán. Wọ́n bà sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Hẹlikópítà kẹjọ rí wọn, ó bà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn tó wà nínú ìkẹfà kó ìwé àṣírí, wọ́n sì bọ́ sínú ìkẹjọ. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó ku méje.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìràwọ̀ pòórá. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ rò pé kùrukùru ni. Eruku ni, eruku kúnná bí ìyẹ̀fun, tó ta lókè láìsí afẹ́fẹ́ tó ń gbé e. Ẹni tó ti gbé inú ọyẹ́ rí lè rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ọyẹ́ tiwa kì í bo ilẹ̀ àti ọ̀run mọ́ra báyìí débi tí èèyàn kò ní mọ èyí tó wà lókè nínú àwọn méjèèjì. Ó wọ inú hẹlikópítà. Ó wọ ojú, ó wọ ọ̀fun. Ooru mú nínú ọkọ̀ bí ìdí ààrò. Wọ́n là á já, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì tún bọ́ sínú òmíràn tó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn C-130 ti la eruku yìí kọjá ṣáájú wọn. Wọn kò ránṣẹ́ sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò náà pé irú eruku bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ojú ìwé yẹn kò dé ọwọ́ àwọn tó ń wa hẹlikópítà. Nítorí àṣírí ni.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá. C-130 àkọ́kọ́ dé òkè Desert One. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, John Carney, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun òfuurufú, ti yọ́ wọ ibẹ̀ lóru, ó sì ri iná mọ́ inú yanrìn, iná tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan nínú bàálù. Iná náà tàn nísàlẹ̀, ó tò lọ bó ṣe yẹ. Bàálù balẹ̀. Nígbà tí Carney wá, ilẹ̀ ibẹ̀ le. Ní báyìí, ẹsẹ̀ àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ rì sínú eruku tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọ̀nà mọ́tò kan gba ibẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀sì kan yọ, àwọn arìnrìn-àjò tó lé ní ogójì wà nínú rẹ̀. Wọ́n yìnbọn dá a dúró, wọ́n kó gbogbo èèyàn inú rẹ̀ jókòó sílẹ̀. Táńkà epo kan yọ. Kò dúró. Wọ́n yin àdó olóró lù ú, ó gbiná. Awakọ̀ rẹ̀ bẹ́ jáde, ó sáré wọ ọkọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé e bọ̀, wọ́n sì sá lọ. Iná táńkà náà ń jó sókè. Ibi tí wọ́n yàn nítorí òkùnkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Àwọn C-130 yòókù dé, wọ́n já ẹrù sílẹ̀. Méjì tí iṣẹ́ wọn ti parí padà. Mẹ́rin tó dúró kò pa ẹ́ńjìnnì. Ariwo náà pọ̀ débi pé etí ẹlòmíràn lèèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn kó tó lè gbọ́. Eruku kò sì jókòó. Wọ́n ń dúró de hẹlikópítà.

Ààjìn. Hẹlikópítà kò tíì dé.

Seiffert ti bà sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi rédíò àṣírí bá àwọn ọ̀gá tó wà ní Íjíbítì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó gbéra padà. Àwọn márùn-ún yòókù nínú eruku kò gbọ́ ìjíròrò yẹn.

Nínú hẹlikópítà karùn-ún, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe dúró ti dákẹ́, èyí tó ń tọ́ka ọ̀nà náà ti dákẹ́. Òkè gíga wà níwájú. Awakọ̀ kò mọ ibi tí àwọn tó kù wà, kò sì mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní Desert One. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan tó kù kó débẹ̀. Ó yí padà sí òkun. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ká ní òun mọ̀ pé ojú ọjọ́ mọ́ ní Desert One, òun ì bá máa lọ. Ojú ọjọ́ mọ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ìràwọ̀.

Ó ku mẹ́fà.

Ó kọjá ààjìn dáadáa kí hẹlikópítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ibi tó yàtọ̀ síra. Èyí tó yá jù pẹ́ tó nǹkan bí wákàtí kan. Àwọn awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, eruku bò wọ́n. Ó ti rẹ̀ wọ́n kọjá ààlà. Beckwith ń lọ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, ó ń kánjú kí àwọn èèyàn rẹ̀ tètè wọlé. Ojúmọ́ kò ní dúró dè wọ́n.

Ibẹ̀ dà bí ọjà lóru. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá nínú eruku, wọ́n ń nawọ́ sí ibi tí ọkọ̀ yóò lọ. Ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé hẹlikópítà síbí. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e sọ́hùn-ún. Kò sí àmì lára wọn. Àwọn kan nínú àwọn awakọ̀ sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé àwọn kò mọ àwọn tó ń pàṣẹ fún àwọn, wọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ.

Nǹkan bí aago méjì òru. Wọ́n yẹ hẹlikópítà kejì wò. Páǹpù tó ń ti epo lọ síbi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ti bàjẹ́. Epo ti jò tán. Èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Seiffert ní ọkọ̀ náà kò lè lọ.

Ó ku márùn-ún.

Wọ́n bi Beckwith bóyá ó lè fi márùn-ún ṣe é. Bí ó bá gbà, yóò já nǹkan bí 20 èèyàn sílẹ̀ nínú àwọn tó kó wá, kò sì mọ èyí tó lè yọ kúrò nínú wọn. Ó ní rárá. Kyle gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Vaught ní Íjíbítì. Vaught gbé e lọ sí Washington.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ ní Washington. Harold Brown, mínísítà ètò ààbò, pe Zbigniew Brzezinski, olùdámọ̀ràn ààrẹ. Brzezinski wọlé tọ Carter lọ. Carter bèèrè ohun tí Beckwith fúnra rẹ̀ sọ. Wọ́n sọ fún un. Ó ní kí wọ́n ṣe bí ó ti wí. Ó gbé orí lé apá lórí tábìlì.

Títí di àkókò yìí, kò sí ẹni tó kú.

Ní Desert One, wọ́n ní kí oníkálukú múra à ti lọ. Hẹlikópítà kan nílò epo kó tó lè padà sórí òkun, òmíràn sì dí i lọ́nà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn C-130 tó gbé epo. Hẹlikópítà kẹta ni wọ́n ní kó sún. Taya rẹ̀ kò ṣeé fi rìn nínú eruku yẹn, nítorí náà yóò fò díẹ̀ ni. Inú C-130 tó wà níwájú rẹ̀ kún fún ọmọ ogun Delta, wọ́n jókòó sórí àpò róbà tí epo ṣì wà nínú rẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́ta kù díẹ̀. Hẹlikópítà náà gbéra. Eruku ru bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí awakọ̀ rẹ̀ ń rí ni ọkùnrin kan tó dúró níwájú, tó ń fi ọwọ́ júwe fún un. Eruku gbá ọkùnrin náà lójú. Ó ń fà sẹ́yìn sí abẹ́ ìyẹ́ C-130. Lójú awakọ̀, ọkùnrin náà kò kúrò lójú kan. Ọkọ̀ òun ló ń sún sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Abẹ̀bẹ̀ náà gé ara C-130. Hẹlikópítà ṣubú lé e lórí. Iná.

Àwọn ọmọ ogun inú C-130 sáré gba ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí iná kò tíì dí. Ọ̀kan nínú wọn ti sùn lọ. Nígbà tó jí, ó rò pé bàálù ti wà lójú ọ̀run. Ó bẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, ó la apá àti ẹsẹ̀ bí ẹni ń já bọ́ láti òkè, ó sì balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọta ìbọn ń bú nínú iná, wọ́n ń fò káàkiri, wọ́n ń lu àwọn hẹlikópítà tó kù. Àwọn awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré lọ sínú C-130 tó kù. Ó ku mẹ́ta.

Kyle ní kí wọ́n máa lọ. Wọn kò rí òkú gbé jáde nínú iná. Wọ́n fi àwọn arìnrìn-àjò inú bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Wọ́n fi hẹlikópítà márùn-ún sílẹ̀ ní odidi, ìwé àṣírí sì wà nínú wọn. Àwọn C-130 sáré lórí eruku náà, wọ́n gbéra ní tipátipá, wọ́n sì kọjú sí Masirah. Òkùnkùn ṣì kún.

Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Washington. Tẹlifóònù dún. Ọ̀gágun David Jones, alága ìgbìmọ̀ àwọn olórí ogun, ló pè. Carter gbọ́ ọ. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni kú.

Mẹ́jọ. Ọmọ ogun òfuurufú márùn-ún, máríìnì mẹ́ta.

Aago kan òru, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25. Ilé ìjọba kéde rẹ̀. Aago méje òwúrọ̀, Carter jókòó níwájú kámẹ́rà. Ó ní òun lòun pàṣẹ pé kí wọ́n lọ, òun náà lòun pàṣẹ pé kí wọ́n padà. Ó ní ọrùn òun ni kí gbogbo ẹ̀bi náà wà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀gágun ojú omi James Holloway jẹ́ olórí rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Nǹkan 23 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n kọ nípa eruku. Wọ́n kọ nípa páǹpù. Wọ́n sì kọ nípa bí gbogbo wọn kò ṣe fìgbà kan dánra wò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ibùdó tí àwọn kan kò ti mọ ojú ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn.

Oṣù Kejì ọdún 1982. Ọkùnrin tó pe Carter lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ náà jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin. David Jones ṣì wà lórí àlééfà. Ó sọ fún àwọn aṣòfin pé ètò tí òun fúnra òun ń ṣe alága rẹ̀ kò dára, pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà náà, ìgbìmọ̀ àwọn olórí ogun kì í sábà fún ààrẹ ní ìmọ̀ràn àyàfi tí olórí ogun orí ilẹ̀, ti òfuurufú, ti ojú omi àti ti máríìnì bá fohùn ṣọ̀kan, wọn kì í sì í sábà fohùn ṣọ̀kan àfi lórí ọ̀rọ̀ tí kò ta ẹnikẹ́ni lára. Mo ka ohun tó ṣe yẹn sí ìgboyà, nítorí àwọn tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1983, bọ́ǹbù pa 241 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Beirut. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, ní Grenada, ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa lórí rédíò. Ilé aṣòfin tún gbé e dìde. John Lehman, mínísítà tó ń darí ọmọ ogun ojú omi, fi gbogbo agbára rẹ̀ takò ó. Ní ọdún 1985, òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà kọ ìwé tó jẹ́ ojú ewé 645 lórí ọ̀rọ̀ náà. Barry Goldwater ló dúró tì í ní ilé aṣòfin àgbà, Bill Nichols ní ilé aṣojú-ṣòfin. Nichols jẹ́ ọkùnrin tí bọ́ǹbù inú ilẹ̀ gé lẹ́sẹ̀ ní Jámánì nígbà ogun àgbáyé kejì.

Oṣù Karùn-ún, ọdún 1986: aṣòfin àgbà 95 dìbò fún àbá òfin àtúnṣe náà, kò sí ẹni tó lòdì.

Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986. Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin náà. Láti ọjọ́ yẹn, àṣẹ ogun ń ti ọ̀dọ̀ ààrẹ lọ sọ́dọ̀ mínísítà ètò ààbò, ó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gágun kan ṣoṣo tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti òfuurufú, ti ojú omi, máríìnì, ẹnikẹ́ni tó bá wà lábẹ́ ọ̀gágun yẹn, tirẹ̀ ni yóò gbọ́. Àwọn olórí ẹ̀ka kò sí lójú ọ̀nà àṣẹ mọ́. Kíkọ́ àwọn ọmọ ogun àti pípèsè ohun ìjà fún wọn ló kù sí wọn lọ́wọ́. Alága ìgbìmọ̀ àwọn olórí ogun sì ni yóò máa fún ààrẹ ní ìmọ̀ràn, ní orúkọ ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà, oṣù márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá láti òru yẹn. Orúkọ àwọn mẹ́jọ náà kò sí nínú òfin. Wọ́n wà lára òkúta kan ní itẹ́ òkú Arlington.